Ìpamọ́ra: Ara, Èdè àti Ìpalára Ìgbà Èwe nínú *The Body Keeps the Score*

Ìfáàrà

Nígbà tí a bá fẹ́ yin ẹni tí ìyà jẹ tí kò fọhùn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó sábà máa ń wá sí wa lẹ́nu: ìfaradà, àmúmọ́ra àti ìpamọ́ra. Bí a bá tú wọn palẹ̀, a ó bá ọ̀rọ̀ kan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó ní ìfaradà fi ara da nǹkan. Ẹni tí ó ní àmúmọ́ra mú nǹkan mọ́ ara. Ẹni tí ó ní ìpamọ́ra pa nǹkan mọ́ sára. Ara ni àpótí tí ìwà rere mẹ́ta wọ̀nyí ń kó ẹrù wọn sí.

Ní ọdún 2014, Bessel van der Kolk, oníṣègùn ọpọlọ tí a bí ní ilẹ̀ Netherlands tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Boston láti ọjọ́ pípẹ́, tẹ ìwé kan jáde tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní *The Body Keeps the Score*. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ìyà tí ó jẹ ènìyàn ní kékeré kì í kúrò lára rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìyà náà dópin. Ara a máa pa á mọ́, a sì máa sọ ọ́ jáde ní ọ̀nà tirẹ̀: àyà jíjá, oorun tí kò wá, ẹ̀yìn ríro, ara tí ó kú tipiri nígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, òǹkọ̀wé náà gbà pé ọ̀nà ara ni ìwòsàn gbọ́dọ̀ gbà wọlé.

Ẹni tí ó bá fi etí Yorùbá gbọ́ àkọlé yìí yóò rí ìṣòro kan. Ohun tí oníṣègùn yìí kà sí ọgbẹ́ fara jọ ohun tí èdè wa kà sí ìwà ọmọlúàbí. Iṣẹ́ yìí yóò ṣe àgbéyẹ̀wò ìwé náà àti irú ìtọ́jú tí ó ń polongo láti ojú ìwòye èdè àti àṣà. Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó bi í. Èkínní, kí ni èdè Yorùbá mọ̀ nípa ara tí ìwé náà kò mọ̀, kí sì ni ìwé náà mọ̀ tí èdè wa fi pamọ́ fún wa? Èkejì, ǹjẹ́ ara tí ìtọ́jú yìí ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́ ara ẹnikẹ́ni, tàbí ara tí a tọ́ ní ilẹ̀ kan pàtó? Ẹ̀kẹta, báwo ni ẹ̀rí tí ó gbé kalẹ̀ ṣe lágbára tó?

Ibi tí ìwé náà ti ṣẹ̀ wá

Ìwé yìí kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ní ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi orúkọ PTSD sínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn, tí ogun Vietnam sì wà lára ohun tí ó fà á. Ní ọdún 1992, Judith Herman kọ *Trauma and Recovery*, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé orúkọ náà kò tó. Jàǹbá kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ìgbèkùn. Ọmọ tí wọ́n ń nà, tí wọ́n ń bú, tàbí tí wọ́n ń bá ṣe ìṣekúṣe fún ọdún púpọ̀ nínú ilé tí kò lè sá kúrò níbẹ̀ kò ní ìgbà àtijọ́ tí ó dára tí yóò padà sí lẹ́yìn jàǹbá. Inú jàǹbá ni ó ti dàgbà. Irú èyí ni a ó máa pè ní ìpalára àṣetúnṣe nínú iṣẹ́ yìí. Ó pẹ́ kí àwọn aláṣẹ tó gbà. Àtòjọ àrùn ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ICD-11, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, ti gbà á wọlé. Ìwé ìtọ́sọ́nà ti Amẹ́ríkà tí ó jáde ní ọdún 2013 kò gbà á, kò sì gba orúkọ àìsàn tí van der Kolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá fún àwọn ọmọdé.

Ìwádìí tí Vincent Felitti, Robert Anda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní ọdún 1998 tún ti iṣẹ́ yìí lẹ́yìn. Wọ́n bi àgbàlagbà tí ó lé ní 9,000 ní San Diego léèrè nípa ohun tí ojú wọn rí ní kékeré. Ó lé ní ìdajì wọn tí ó jẹ́wọ́ irú ìyà kan, ó kéré tán. Bí irú ìyà náà ti ń pọ̀ sí i ni ìbànújẹ́ ọkàn, ọtí àmujù àti àìsàn ọkàn-àyà ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkàn nìkan mọ́. Àìsàn ara ni wọ́n ń kà.

Orí ìpìlẹ̀ yìí ni van der Kolk kọ́lé lé. Ó ròyìn ìwádìí kan tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí ó jáde ní ọdún 1996, nínú èyí tí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àwọn tí wọ́n ń rántí ohun búburú tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Iṣẹ́ apá ọpọlọ tí a ń pè ní Broca, èyí tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, lọ sílẹ̀ ní àkókò náà. Yorùbá ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ìwé yìí ń sọ pé òdìkejì rẹ̀ náà wà: ohun tí ó dun ni jù lè jẹ́ ohun tí kò sí lọ́rọ̀ ẹni rárá. Bí ọ̀rọ̀ bá ti sá, ìtọ́jú tí ó dúró lórí ọ̀rọ̀ sísọ nìkan yóò máa kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́ni ńlé.

Àpẹẹrẹ tí ó wọ ni lára jù nínú ìwé náà ni ti obìnrin kan tí wọ́n pè ní Sherry. Ìyá rẹ̀ a máa gba àwọn ọmọ tí wọ́n ń wá ilé fún sọ́dọ̀, wọ́n a tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà mìíràn, Sherry sì dàgbà bí ẹni tí kò ní àyè tirẹ̀ nínú ilé tí a bí i sí. Nígbà tí ó dàgbà tán, a máa họ awọ ara rẹ̀ títí tí yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Van der Kolk ní kí ó lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwọ́ra. Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ba Sherry, ó ń pariwo pé níbo ni obìnrin náà wà. Obìnrin náà wà níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹsẹ̀ Sherry gan-an. Sherry kò mọ̀ ọ́n lára ni.

Ìdílé ọ̀rọ̀ kan

Gbólóhùn tí a fi parí ìpín tí ó ṣáájú yìí ni ó mú wa dé ibi tí èdè ti ń sọ̀rọ̀. Ìmọ̀lára ni a ń pe ohun tí ènìyàn ń mọ̀ nínú ara rẹ̀, ìdùnnú ni o, ìbẹ̀rù ni o. Ohun tí a mọ̀ ní ara ni. Yorùbá kò ya ìmọ̀lára sọ́tọ̀ kúrò lára ara láti ìbẹ̀rẹ̀, débi tí yóò fi ní láti wá oníṣègùn tí yóò dá wọn padà pọ̀.

Ìdílé ọ̀rọ̀ yìí tóbi. Nígbà tí wọ́n bá ṣe ènìyàn léṣe, ìpalára ni. Ohun tí ó bá tẹ̀lé e ni ìrora àti ìnira. Ẹni tí ara ń fu ni ó ní ìfura, ẹni tí ó ń ṣọ́ ara rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ra. Bí ọkàn bá fẹ́ wálẹ̀, ìfarabalẹ̀ ni a ó pè é, èyí tí í ṣe fífi ara balẹ̀. Bí àlàáfíà bá dé, ara tù ú nìyẹn. Ìtura ti dé. Láti ìpalára títí dé ìtura, kò sí ibi tí ara kò sí.

Ìfura yẹ fún àkíyèsí pàtàkì. Ọmọ tí ó ti kọ́ láti mọ irú ìrìn tí bàbá rẹ̀ ń rìn bọ̀ kí ó tó ṣílẹ̀kùn, tí ó sì ti mọ̀ láti inú ìró ẹsẹ̀ náà bóyá lílù wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìfura ni ó fi gba ara rẹ̀ là. Nígbà tí ó bá di ẹni ogójì ọdún, tí bàbá náà sì ti kú, ara rẹ̀ ṣì ń fetí sí ẹsẹ̀ náà nínú ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tàbí ti ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n oògùn tí a ń lò tọ̀sán-tòru nígbà tí àìsàn ti lọ, òun náà ti di àìsàn.

Ibí ni ìdánwò kan ti ń dúró de olùwádìí Yorùbá, a kò sì gbọ́dọ̀ ṣubú sínú rẹ̀. Ìdánwò náà ni láti kéde pé àwọn baba wa ti mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀, pé ohun tí àwọn ará Boston ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ti wà nínú èdè wa láti ìwáṣẹ̀. Ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìṣègùn. Ẹni tí ó bá ní "inú bí mi" kò wo inú rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Àkànlò ni, ó ti gbó sẹ́nu. Bákan náà ni "ojú tì mí" àti "àyà mi já". Ọmọ Yorùbá tí wọ́n fìyà jẹ lè mọ gbogbo àkànlò wọ̀nyí lórí bí ẹní mowó, kí ara rẹ̀ sì jìnnà sí i bí ti Sherry. Kódà, àkànlò lè di aṣọ tí a fi ń bo ara. "Ara mi ò yá" ti tó láti fi dá gbogbo ẹni tó bá béèrè lóhùn, kí ẹnikẹ́ni má sì wádìí síwájú.

Ohun tí a lè sọ láìṣàsọdùn ni èyí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń gbé ìpọ́njú ọkàn wá sọ́dọ̀ oníṣègùn ní èdè ara. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lórí àwọn, pé ohun tí àwọn ń kà kò wọlé. Kì í ṣe ìyà ìgbà èwe ni Prince ń wádìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbà ráhùn kàn wá. Ní àkókò yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń wo irú ìráhùn bẹ́ẹ̀ bí àléébù. Ní ọdún 1973, Julian Leff jiyàn pé àwọn ènìyàn ilẹ̀ tí ó ti gòkè àgbà ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ìmọ̀lára kan àti òmíràn ju àwọn ará ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lọ. Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwé tí ó ń sọ pé ara ni ó mọ ìtàn di ìwé tí gbogbo ayé ń rà. Ẹ̀dùn ọkàn tí a fi èdè ara sọ jẹ́ àìmọ̀ nígbà tí ó ti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà jáde. Ó di ìmọ̀ nígbà tí ó ti ẹnu oníṣègùn Boston jáde. Ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ jẹ gbèsè àlàyé kan níbí, ìwé yìí kò sì san án.

Pa á mọ́ra àti fà á mọ́ra

Ṣùgbọ́n àwa náà jẹ gbèsè. Ìpamọ́ra tí à ń yìn, ta ni à ń yìn ín fún?

Àgbà tí ẹnìkan bú ní gbangba, tí ó ní agbára láti gbẹ̀san, tí ó sì pa á mọ́ra nítorí àlàáfíà ìlú, ìwà ọmọlúàbí ni ó hù. Ó yàn án ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò lè sá, tí kò lè sọ, tí kò lè dá a padà, kò yan nǹkan kan. Nígbà tí a bá yìn ín pé ó ní ìpamọ́ra, orúkọ ẹni tí ó lágbára ni a fi pe ipò ẹni tí kò ní. "Gbé e mì." "Má jẹ́ kí ará ìta gbọ́." "Ọmọ tó gbọ́n kì í sunkún." Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀, nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwa fúnra wa ni a hun ìyẹ́ náà fún un.

Èyí ni ibi tí ìwé van der Kolk ti ṣe èdè wa lóore. Ó fipá mú wa kí a bi ọ̀rọ̀ náà léèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ara tí a ń pa nǹkan mọ́ sí. Ìpamọ́ra kò parí ọ̀rọ̀. Ó wulẹ̀ yí ibi tí ọ̀rọ̀ wà padà ni.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi ìwé àjèjì ṣe adájọ́ kan ṣoṣo fún àṣà wa, nítorí òṣùwọ̀n wà nínú àṣà náà. Yorùbá ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. A ti fi òwe yìí gbèjà pàṣán títí ó fi sú ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ara ni ó tún wà níbẹ̀. Ọwọ́ òsì kò tọrọ àforíjì, kò ṣàlàyé. Ara ọmọ ni ó fà mọ́ ara òbí. Òwe náà mọ̀ pé ìbáwí tí kò ní ìfàmọ́ra lẹ́yìn kò pé. Ohun tí Herman àti van der Kolk ń pè ní ìpalára àṣetúnṣe ni ilé tí ọwọ́ òsì kò ti dìde rí, níbi tí ẹni tí ó yẹ kí ọmọ sá tọ̀ ti jẹ́ ẹni tí ọmọ ń sá fún. Ọmọ tí a kò fà mọ́ra kò ní ohun mìíràn ju kí ó pa á mọ́ra. Nípa báyìí, òwe tí a ń lò fún àwáwí lè di ẹ̀sùn sí ẹni tí ń lò ó.

Kúnlẹ̀, gbé ọwọ́ rẹ sókè

Bí a bá gba ibi tí àìsàn wà gbọ́, ìtọ́jú ńkọ́? Ìwé náà ka oríṣiríṣi sílẹ̀: yóógà, mímí, eré orí ìtàgé, ìwọ́ra, àti ọ̀nà tí Peter Levine gbé kalẹ̀ nínú *Waking the Tiger* ní ọdún 1997 àti èyí tí Pat Ogden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé nínú *Trauma and the Body* ní ọdún 2006. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé aláìsàn kọ́kọ́ ń kọ́ láti mọ ohun tí ń lọ nínú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ó sọ ìtàn rẹ̀. Nínú ìwé náà, van der Kolk ròyìn obìnrin kan tí ó pè ní Annie, tí àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì fìyà jẹ púpọ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wá, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Oníṣègùn náà jìnnà sí i díẹ̀, ó ní kí ó máa tẹ̀lé òun, kí ó gbé apá sókè bí ó ti ń mí sínú, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ bí ó ti ń mí síta.

Ohun rere ni èyí ṣe fún Annie. Ẹni tí ó bá kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá yóò ka ibí yìí, yóò sì dúró. Kúnlẹ̀. Gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè. Pa ojú rẹ dé. Kò sí ọmọ tí kò mọ ìyà yìí, nílé tàbí níléèwé. Òmíràn tún wà, èyí tí ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀, tí yóò fi ìka kan kan ilẹ̀, tí yóò gbé ẹsẹ̀ kan sókè sẹ́yìn, tí òógùn yóò máa kán sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí i tí wọ́n ń ṣe yóógà yóò mọ̀ pé àwọn ìdúró kan wà nínú rẹ̀ tí kò jìnnà sí èyí. Ọwọ́ gbígbé sókè tí ó jẹ́ ìṣílọ́kàn fún Annie lè jẹ́ ojú ìyà gan-an fún ẹni tí a tọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kọ ìwòsàn; ìdúró náà ti ní ìtumọ̀ lára rẹ̀ kí oníṣègùn tó dé.

Ìkíni náà wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú ìtọ́jú yìí ni ó ń kọ́ aláìsàn láti nàró, láti gbé orí sókè, láti wo ènìyàn lójú, láti ta ọwọ́ síwájú bí ẹni ń ti ewu sẹ́yìn. Nílẹ̀ wa, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ni ọmọ fi ń pàdé òbí, wíwo àgbà lójú tààrà sì jẹ́ àrífín. Kí ni kí ọmọbìnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, nígbà tí ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí ó bà á jẹ́ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Bí ó bá kúnlẹ̀, ara rẹ̀ yóò tún ìtàn náà ṣe. Bí kò bá kúnlẹ̀, gbogbo ilé yóò bi í léèrè ìdí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. *The Body Keeps the Score* kò ní èsì fún ìbéèrè yìí, nítorí ara tí ó ń bá sọ̀rọ̀ kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Ìtọ́jú tí yóò wúlò fún wa gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbí.

Apá kan wà tí ọ̀nà yìí ti lè kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí a nílò gidigidi. David Emerson, tí ó bá van der Kolk ṣiṣẹ́ lórí irú yóógà yìí, tẹnu mọ́ ọn pé olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ pàṣẹ. Yóò máa sọ pé "bí ó bá wù yín". Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é lè jókòó. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n ti gba àṣẹ lórí ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè rí ìwòsàn níbi tí wọ́n ti tún ń pàṣẹ fún ara náà. Èdè wa ní ohun èlò fún èyí, "ẹ" ọ̀wọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kéré ni ọ̀wọ̀ yẹn ti máa ń wá. Oníṣègùn tí ó dàgbà ju aláìsàn rẹ̀ lọ yóò ní láti kọ́ èdè ìyọ̀ǹda fún ẹni tí ó kéré sí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn ibi ìtọ́jú ní Nàìjíríà, ti ìbílẹ̀, ti ẹ̀sìn àti ti ìjọba pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀, tí wọ́n sì ń nà wọ́n ní àwọn ibòmíràn nínú wọn. Ìyẹn náà ń gba ọ̀nà ara. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò tíì yí bí a ti ń bá ara ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ padà. Ohun tí ó ya ìwòsàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìyà ni ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ara náà.

Bí ẹ̀rí ṣe tó

Ìgbóríyìn fún ìwé yìí kò gbọ́dọ̀ dí wa lójú sí àṣejù rẹ̀. Ìwádìí àwòrán ọpọlọ ti ọdún 1996 tí a mẹ́nu bà, ènìyàn mẹ́jọ péré ni ó wà nínú rẹ̀. Ìwádìí lórí yóógà tí van der Kolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 sàn ju ìyẹn lọ: obìnrin 64 tí ìtọ́jú mìíràn kò tíì tán ìṣòro wọn ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó ṣe yóógà ni wọn kò yẹ fún orúkọ PTSD mọ́ ní ìparí. Ìdá 21 ni láàárín àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ ìlera. Èyí já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìlera ni wọ́n fi wé, kì í ṣe ìtọ́jú tí ó dára jù tí ó wà nílẹ̀. Ẹ̀rí pé ohun kan ń ranni lọ́wọ́ kò sì sọ ìdí tí ó fi ń ranni lọ́wọ́.

Lórí ìdí yìí ni àríyànjiyàn wà. Richard McNally, nínú *Remembering Trauma* tí ó jáde ní ọdún 2003, jiyàn pé ohun búburú kì í sábà sá kúrò ní ìrántí. Ìrántí rẹ̀ gan-an ni kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Kò sí ẹ̀rí tí ó dájú, lójú tirẹ̀, pé ara ń pa ìtàn tí ọpọlọ kò mọ̀ mọ́. Ìmọ̀ràn Stephen Porges nípa iṣan vagus, tí ìwé náà fara tì gidigidi, náà ti bá àtakò pàdé láàárín àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara. Àwa tí a ń túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá gbọ́dọ̀ kíyè sí èyí, nítorí ó rọrùn púpọ̀ láti kọ ọ́ ní èdè wa bí ẹni pé ara jẹ́ akọ̀wé tí ń kọ ìwé gbèsè. Àfiwé ni. Ohun tí a lè dúró lé ni pé ara tí ó ti gbé nínú ewu pẹ́ a máa mú ìṣe ewu dàgbà, àti pé a lè kọ́ ọ ní ìṣe mìíràn.

Ojú tí ìwé náà fi wo ilẹ̀ Áfíríkà náà yẹ fún àyẹ̀wò. Van der Kolk ròyìn bí òun ṣe wà láàárín àwọn obìnrin tí a ti fipá bá lò pọ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní ẹ̀yìn odi Johannesburg. Wọ́n jókòó, wọ́n dorí kodò, títí tí ọ̀kan nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, tí ó ń mì síwá sẹ́yìn. Àwọn yòókù gbè é, wọ́n sì dìde jó. Ojú ìwé tí ó dùn ún kà ni. Síbẹ̀, àpẹẹrẹ ni àwọn obìnrin náà jẹ́ fún èrò ẹlòmíràn. Ìwé náà kò kà wọ́n sí ẹni tí ó ní èrò tirẹ̀ nípa ohun tí wọ́n ń ṣe. Resmaa Menakem, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe é lọ́nà mìíràn nínú *My Grandmother's Hands* ní ọdún 2017. Láti orí ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ tí ẹ̀gún òwú ti fà ya láti kékeré. Níbẹ̀, kíkùn àti mímì síwá sẹ́yìn jẹ́ ìmọ̀ tí àwọn ènìyàn kan fi gbé ara wọn ró, ìpalára náà sì jẹ́ ti ìran, kì í ṣe ti ènìyàn kan nínú iyàrá oníṣègùn. Òun náà ní àṣejù tirẹ̀ níbi tí ó ti fẹ́ fi ìmọ̀ àbùdá gbe ohun tí ìtàn nìkan ti tó gbé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà sún mọ́ ohun tí a nílò ju ti van der Kolk lọ.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé *The Body Keeps the Score* tọ́ nínú ohun tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn rẹ̀, pé ó ṣàṣejù nínú àlàyé rẹ̀, àti pé ara kan pàtó ni ó ń wò bí ẹni pé ara gbogbo ayé ni. A tún ti rí i pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ìrìn àjò náà láti ìpalára dé ìtura, ṣùgbọ́n ó fi ìyìn bo ojú ọ̀kan nínú àwọn ibùdó rẹ̀.

Àbá méjì ni a ó fi parí. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn atúmọ̀ èdè. "Ọgbẹ́ ọkàn" ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ohun tí à ń sọ yìí. "Ìpalára" sàn jù, nítorí kò lé ara jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì jẹ́ kí a rántí pé ẹnìkan ni ó pa ni lára. Èkejì jẹ́ ti àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ àti àṣà. Nígbà tí ọmọdé bá wà nínú ìwé tí à ń kà, tí ìyà ń jẹ ẹ́, tí a sì ti mọ̀ láti kọ "ìpamọ́ra" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹ̀kọ́ tí ìtàn náà kọ́ wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ náà ní ohun mìíràn tí ó lè ṣe. Nínú kíláàsì tí a ti ń bi ìbéèrè yìí, ó ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ara ń fu láti ìgbà tí ó ti wọlé. Kò pọn dandan kí ó sọ ohunkóhun. Ó kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà fún ohun tí ojú rẹ̀ rí, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi yìn ín.